Bàbá Mi, Ẹni Tó Ń Tọ́jú Prógíráàmù Àwọn Tó Ti Lọ

Háà, Bàbá mi! Àlàó, ọmọ Oyèkanmi! Ṣé bí ẹ ṣe máa lọ nìyí? Ó dìgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dá. Láti ọjọ́ tí ẹ ti dákẹ́ ni ilé wa ní àdúgbò Nasarawa ti kún fún èrò. Àwọn ará ìjọ, àwọn ará àdúgbò, àwọn tí ẹ bá ṣiṣẹ́ rí, àwọn ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Kàdúná, gbogbo wọn ń wọlé, wọ́n ń jáde, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ilé náà ṣófo. Lọ́jọ́ kejì, àlejò kan tí kò mọ̀ fẹ́ jókòó sórí àga yín. Màámi kàn wò ó lójú. Ó yà kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Èmi Mojísọ́lá, ọmọ yín obìnrin kan ṣoṣo, ni wọ́n ní kó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi Táyọ̀ ní èmi ni mo bá yín ṣiṣẹ́, èmi ni mo mọ ohun tí ẹ ń ṣe nínú yàrá iwájú ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ó sì ní Yorùbá ni kí n fi kọ ọ́. Ẹ̀rín ìbá pa yín. Èmi tó jẹ́ pé bí ẹ bá pè mí ní Yorùbá, Hausa ni n ó fi dáhùn, tí ẹ ó ní, "Mo gbọ́ ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n etí mi kò tíì gbà á," tí ẹ ó sì dúró jẹ́ẹ́ títí n ó fi tún un sọ. Bàbá, mo ti ń tún un sọ báyìí. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí etí yín gbà á.

Dáníẹ́lì Àlàó Oyèkanmi ni orúkọ tó wà níwájú ìwé ètò ìsìnkú yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni yín nígbà tí ẹ wá sí Kàdúná. Ẹ rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan, níbi tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan sí tó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta. Iṣẹ́ yín ni láti máa tẹ orúkọ àti nọ́ńbà sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé tí àwọn tó kọ́kọ́ gbé e wá fi sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, títí ẹ fi mọ ohun tí àwọn ọ̀gá yín kò mọ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn tí iṣẹ́ Bàbá kò yé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òun náà ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀. Prógíráàmù ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ sílẹ̀, ìlà lẹ́yìn ìlà, láti sọ fún kọ̀ǹpútà ohun tí yóò ṣe. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá fẹ̀yìn tì, tó bá kó kúrò nílùú, tàbí tó bá kú, prógíráàmù náà á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò ní sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù á wá máa ba gbogbo èèyàn láti fọwọ́ kàn án. Bó bá ṣàìsàn, wọn kò ní mọ ibi tó ti ń dùn ún. Irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé tọ bàbá mi wá.

Mo rántí ìgbà tí a wà ní kékeré, tí ẹ máa ń tẹ prógíráàmù odindi sórí bébà gígùn tó ní ihò wẹ́wẹ́ létí, tí kì í já títí tó fi máa parí. Ẹ ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó fi pẹ́ńsù aláwọ̀ mẹ́ta há etí, ẹ ó máa rìn lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rìn lójú omi. Pupa fún ibi tí apá kan ti ń ké sí òmíràn. Àwọ̀ búlúù fún ibi tí nọ́ńbà kan ti yí padà. Àwọ̀ ewé fún ibi tí kò tíì yé yín. Màámi á ti iléèwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Bàbá Táyọ̀, ọ̀nà wo ni kí n gbà dé kíṣìnì mi báyìí?"

"Gba etí ògiri, jọ̀ọ́. Má tẹ aláwọ̀ ewé yẹn o."

Màámi á sì gba etí ògiri. N kò rí i kó tẹ ẹ́ rí, bó ti wù kí inú bí i tó.

Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ ra kọ̀ǹpútà tiyín, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ prógíráàmù kan tí yóò máa ka prógíráàmù mìíràn. Ẹ pè é ní Atọpasẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn pẹ́ńsù yẹn ń ṣe lórí ilẹ̀ pálọ̀ ni Atọpasẹ̀ ń ṣe. Bí ẹ bá fún un ní prógíráàmù àtijọ́, á kà á láti òkè délẹ̀, á sì fi hàn yín: eléyìí ń ké sí ìyẹn, nọ́ńbà yìí láti ibí ló ti wá, apá ọ̀hún kò sẹ́ni tó ń ké sí i mọ́. Èyí tí kò bá sẹ́ni tó ń ké sí i, Atọpasẹ̀ á kọ ÒKÚ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ láìkọsẹ̀, Màámi dúpẹ́ ní ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Pásítọ̀ bi í pé kí ni Olúwa ṣe. Ó ní Olúwa dá ilẹ̀ pálọ̀ òun padà.

Èmi kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì padà wálé pẹ̀lú ọkàn pé ohun tuntun ni n ó máa ṣe, nǹkan orí fóònù, nǹkan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á rí. Ojú ń tì mí láti sọ ohun tí bàbá mi ń ṣe. Nígbà tí mo wá iṣẹ́ títí tí n kò rí, ẹ fa àga kejì sí ẹ̀gbẹ́ tiyín nínú yàrá iwájú. Ẹ ò bá mi wí, ẹ ò wàásù. Ẹ kàn ní, "Tuntun dára, Mojí. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ yìí, èyí àtijọ́ ni wọ́n fi wá káàdì rẹ̀."

Orí àga kejì yẹn ni mo ti kọ́ Yorùbá, ká sọ òótọ́. Ẹ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìlà kankan àfi kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Ahọ́n mi ń ta kókó. Mo ń wá ọ̀rọ̀. N ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó mi orí. N ó sọ ọ́ ní Hausa, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó mi orí. Bí mo bá wá sọ ọ́ ní Yorùbá tó tọ́, ẹ ó ní, "Ẹ̀hẹn, ó ti yé ọ báyìí. Yí i padà."

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa nígbà náà ni ti ilé ìwòsàn kan nínú ìlú yìí, tí n kò ní dárúkọ. Prógíráàmù tí wọ́n fi ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn ti ju ogún ọdún lọ. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ sílẹ̀ ju lẹ́tà mẹ́ta lọ: J.T.B. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi mọ̀ ọ́n. Láràárọ̀ tí a bá ṣí iṣẹ́ náà, ẹ ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gbẹ́ni J.T.B." Bí ẹ bá rí ibi tó ṣe dáadáa, ẹ ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Bí èmi bá rí ibi tó ṣe jákujàku tí mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn." Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan pé báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ fi hàn mí pé gbogbo ohun tó kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló gún régé, àwọn èyí tó kọ ní ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wọ́. Ẹ ti ka ọjọ́ tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹ mọ ìgbà tí àárẹ̀ mú ọkùnrin tí ẹ kò rí rí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní gbangba. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá mi, tí ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún kan sẹ́yìn, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ilé ìwòsàn náà ní prógíráàmù àwọn ti ń falẹ̀, káàdì ń pẹ́ kó tó jáde, kí a bá àwọn gbá a mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá sí Ogbómọ̀ṣọ́ pé ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò dá. Kí ẹ tó gbé báàgì yín, ẹ ní, "Gbogbo ibi tí Atọpasẹ̀ bá kọ ÒKÚ sí, kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún mi. Má tíì yọ wọ́n. Dúró dè mí."

N kò dúró. Mo fẹ́ kí ẹ dé kí ẹ bá iṣẹ́ tó ti parí. Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo ibi tó kọ ÒKÚ sí ni mo yọ. Prógíráàmù náà yá, káàdì ń jáde bí omi, àwọn ará ilé ìwòsàn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ra súyà lọ sílé fún Màámi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ládi, tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, pè mí lórí fóònù. Àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kì í gba irú oògùn kan. Lórí káàdì irú wọn, ìlà pupa kan máa ń wà lókè pátápátá, tó ń kìlọ̀ fún nọ́ọ̀sì pé kò gbọdọ̀ fún ọmọ yìí ní abẹ́rẹ́ náà. Láti ọjọ́ mẹ́ta, ìlà pupa kò jáde mọ́. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Láàárọ̀ yẹn, nọ́ọ̀sì tuntun kan wo káàdì ọmọbìnrin kékeré kan, kò rí ìkìlọ̀ kankan, ó ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ìyá ọmọ náà ló bi í pé kí lorúkọ oògùn yẹn. Bó ti gbọ́ ọ, ó bo ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó ń pariwo, "Kar ki yi! Kar ki yi!" Má ṣe é, má ṣe é. Wọn kò gún ọmọ náà. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ṣùgbọ́n Ládi ní gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń sunkún.

Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà lẹ dé láti Ogbómọ̀ṣọ́. Eruku ọ̀nà ṣì wà lórí fìlà yín. Yorùbá sá kúrò lẹ́nu mi, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi rò ó, ẹ kò sì ní kí n tún un sọ. Ẹ gbọ́ ọ tán. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu yín ni, "Ọmọ náà ńkọ́?"

Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

N kò mọ̀. N kò rántí láti béèrè. Ẹ wò mí, ojú yín kún fún àánú, ẹ sì ní, "Ó yá, jẹ́ ká lọ." Ẹ kò wẹ̀, ẹ kò jẹun. Ẹ ti máa ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo prógíráàmù kí a tó fọwọ́ kàn án, nítorí náà kò pẹ́ tí ẹ dá gbogbo ohun tí mo yọ padà, tí ìlà pupa sì tún ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹ kò kúrò níbẹ̀. Ẹ bá àwọn nọ́ọ̀sì jókòó, ẹ yẹ gbogbo káàdì tó ti jáde ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí oòrùn fi wọ̀. Kí a tó lọ, ẹ lọ bẹ ìyá ọmọ náà. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹ̀yin bàbá àgbà, níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù. Obìnrin náà kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ń fà yín dìde, ó ń fi Ọlọ́run bẹ̀ yín pé, "Baba, don Allah, ẹ dìde." Mo dúró sẹ́yìn yín.

A wá wo ìdí tí Atọpasẹ̀ fi kọ ÒKÚ síbi tó wà láàyè. Ọ̀gbẹ́ni J.T.B. kò kọ orúkọ apá yẹn pé níbì kankan. Prógíráàmù máa ń mú lẹ́tà wọ́ọ̀dù láti ibì kan, á mú nọ́ńbà láti ibòmíràn, á so méjèèjì pọ̀ di orúkọ, á sì ké sí i lójú ẹsẹ̀. Orúkọ odindi ni Atọpasẹ̀ ń wá kiri, kò sì rí i. Lókè apá náà, J.T.B. kọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: "Má fọwọ́ kan èyí. Kọ́kọ́ bi Métírọ̀nù Rabi." Ṣùgbọ́n Atọpasẹ̀ máa ń fo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kì í kà á, èèyàn nìkan ló wà fún. Èmi náà kò kà á. Ohun tí Atọpasẹ̀ gbé wá fún mi nìkan ni mo kà.

Àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn kọ̀wé pé kí a sọ ẹni tó ṣe é. Mo ti kọ lẹ́tà tèmi. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ ká a, ẹ fi sínú àpò yín. Ẹ jókòó, ẹ kọ tiyín: èmi Oyèkanmi ni mo yọ ọ́, àṣìṣe mi ni. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Ẹ ní, "Orúkọ tèmi ti pẹ́ nílùú yìí, Mojí, ó lè gba ìdọ̀tí díẹ̀. Tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni." Mo ní irọ́ ni. Ẹ ní, "Kì í ṣe irọ́ tán. Ta ló kọ́ Atọpasẹ̀ pé kó máa pe ohun tí kò rí ní òkú?"

Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín. Àwọn iléeṣẹ́ méjì mìíràn gbọ́, wọ́n kó tiwọn náà lọ. Ní ìpàdé ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ní àdúgbò Mahuta, ẹnì kan sọ ọ́ bí àwàdà pé ojú Bàbá Oyèkanmi ti ń rí méjì, kí wọ́n má gbé ìwé orúkọ ẹgbẹ́ fún un mọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ sì fa ìwé náà fún akọ̀wé mìíràn. Mo wà níbẹ̀. Mo dákẹ́.

N kò ní dákẹ́ lónìí. Ẹ̀yin ará Mahuta, ẹ̀yin ará ilé ìwòsàn, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ di ìwé yìí mú: kò sí nǹkan tó ṣe ojú bàbá mi nígbà náà. Èmi Mojísọ́lá ni mo yọ ìlà pupa. Ó ní kí n dúró de òun, n kò dúró.

Ní gbogbo àkókò tí iṣẹ́ kò sí yẹn, ẹ tún Atọpasẹ̀ ṣe. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà, ÒKÚ, kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ohun tó máa ń kọ láti ìgbà náà ni: N KÒ RÍ ẸNI TÓ Ń KÉ SÍ I. Ẹ ní gbogbo ohun tó lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí nìyẹn. Ẹ sì jẹ́ kó máa tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kọ prógíráàmù bá fi sílẹ̀ sí òkè pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè fò ó mọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ ní a gbọ́dọ̀ wá Métírọ̀nù Rabi. A béèrè títí, Ládi ló wá rí ẹni tó mọ ilé tó ń gbé. Ó ti di Hajiya Rabi, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Malali. Máígádì kò fẹ́ jẹ́ ká wọlé, títí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ìlú rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, tó sì wá gbé àga fún yín. Hajiya jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Nígbà tí ẹ dárúkọ J.T.B., ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ó ní ọmọ kan kú ní wọ́ọ̀dù òun ní ìgbà yẹn, nítorí abẹ́rẹ́ kan náà. Láti ọjọ́ náà, òun ń lọ sí ọ́fíìsì ọkùnrin yẹn lójoojúmọ́, òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ò ní jókòó. Ọkùnrin náà ní wọ́n ti ti prógíráàmù pa, wọn kò gbà kí òun fi nǹkan kún un mọ́. Hajiya ní òun sọ fún un pé, "Ẹ wá ọ̀nà." Ọ̀sẹ̀ tí ọkùnrin náà máa fi ibẹ̀ sílẹ̀ ló wá ọ̀nà, ó fi apá yẹn wọlé láti ẹ̀yìn. Òun gbọ́ pé ó ti kú ní ìlú rẹ̀. Hajiya bi yín pé, "Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́, Malam Daniel?" Ẹ ní ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó wí pé, "Alhamdu lillahi," ó sì fi ìborùn nu ojú. Ẹ̀yin náà yọ gíláàsì yín.

Hajiya kò sọ fún wa pé òun ń lọ síbì kankan. Ọ̀sẹ̀ kejì la gbọ́ pé ó wọ mọ́tò ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn náà. Ìdajì àwọn àgbà nọ́ọ̀sì ibẹ̀, òun ló kọ́ wọn níṣẹ́. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá pé ní gbogbo ọdún tí òun ti fẹ̀yìn tì, ẹnì kan ṣoṣo ló wá bi òun ní ìdí tí nǹkan kan fi wà, ẹni náà ni kí wọ́n fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Wọ́n pè yín padà. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ fi ń lọ sí ìjọ, ẹ lọ. Nígbà tí ẹ ṣí prógíráàmù náà, ẹ ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gbẹ́ni J.T.B. Métírọ̀nù ní ká kí yín."

Àìsàn ojú wá dé lóòótọ́ ní ìkẹyìn, irú èyí tí kì í dunni, tó kàn ń jí ìríran díẹ̀díẹ̀. Ẹ kò ráhùn. Ẹ ní kí n máa ka prógíráàmù náà sókè fún yín. Nígbà tó ti wá di pé ẹ kò rí nǹkankan mọ́, ọ̀sán ni mo máa ń kà á, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ ó jókòó, ẹ ó fi ìka máa ya ọ̀nà sórí orúnkún yín, láti ibí sí ọ̀hún, bí ẹni pé bébà gígùn yẹn ṣì wà ní ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan ẹ gbé ọwọ́ sókè. "Tún ìlà yẹn kà." Mo tún un kà. "O ti fo nǹkan kan, tàbí Ọ̀gbẹ́ni J.T.B. ló fò ó." Mo wò ó dáadáa. Òun ló fò ó. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ogún ọdún ó lé, ojú gbogbo wa kò rí i, etí yín ló gbọ́ ọ.

Ilé ìwòsàn ra prógíráàmù tuntun ní ọdún yìí. Èmi rò pé yóò dùn yín. Ẹ ní ó yẹ bẹ́ẹ̀, èyí àtijọ́ ti ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò jẹ́ kí wọ́n pa á títí a fi kọ gbogbo ohun tó ń ṣe sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó yé gbogbo èèyàn, ẹ̀yin ń sọ, èmi ń kọ. Ojú ìwé àkọ́kọ́, ìlà pupa. Lọ́jọ́ tí tuntun bẹ̀rẹ̀, Ládi tẹ káàdì kan jáde, ó ní kí n mú un lọ fún yín. Mo fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò ra òkè rẹ̀.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ṣé pupa ni?"

"Pupa ni."

Ẹ dì í mú títí oorun fi gbé yín lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí ẹ ti jẹ ìwọ̀nba oúnjẹ díẹ̀, ẹ ní kí Màámi bá yín fa ìrọ̀rí sókè. Kó tó fà á tán, ẹ ti lọ.

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ohùn yín kì í ga. Ẹ̀yin tí ẹ kí òkú àti alààyè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tiyín. Mo ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí n kò sọ fún yín, nítorí mo rò pé àyè ṣì wà.

Kí n tó fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́, mo kà á fún Màámi ní àárọ̀ àná. Ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti jẹ́wọ́, mo dúró, n kò lè wò ó lójú. Ó ní kí n máa kà á lọ.

"Màámi, ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tó kọ lẹ́tà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ ọ́, tó ń ya á. Bàbá rẹ kì í kọ òótọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ. Ó ní ẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe ẹ̀bùn fún mi, òun kò lè gba ẹ̀bùn ọkọ òun lọ́wọ́ ọmọ òun. A di ara wa mú, a rẹ́rìn-ín, a sì sunkún títí Táyọ̀ fi wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ lọ sinmi, Àlàó. Màámi wà lọ́wọ́ wa. Orúkọ yín ti mọ́. Ẹ sùn re o, Bàbá mi, ẹ sùn re.